Ìtọrẹ Alábòójútó àti Ìbéèrè Ẹni Tí Ó Ni Ẹrù: Àyẹ̀wò Ìtàn Iléèwé Ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Ìwó

1. Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó ni ẹrù ní í gbé ibi tí ó wúwo. Òwe yìí ni a fẹ́ fi ṣe òpómúléró iṣẹ́ yìí, nítorí pé ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò kò jìnnà sí i rárá. Bí ẹnì kan tàbí ẹgbẹ́ kan bá ti òkèèrè wá láti ran àwùjọ lọ́wọ́ lórí iṣẹ́ tí ó jẹ mọ́ àǹfààní gbogbo ìlú, bí iléèwé tàbí ilé ìwòsàn, ta ni ó ń gbé ibi tí ó wúwo? Nígbà tí olùrànlọ́wọ́ bá sì yọ ọwọ́ rẹ̀, ti ta ni ẹrù náà yóò jẹ́?

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí mọ níwọ̀n. A kò fẹ́ kọ gbogbo ìtàn Ìjọ Onítẹ̀bọmi ní ilẹ̀ Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ni a kò fẹ́ kọ ìtàn Ìwó Olódò Ọba láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ìtàn Baptist College, Ìwó, ni a fẹ́ fi ṣe òdiwọ̀n fún ọ̀nà ìtọrẹ kan tí ó gbòde láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní venture philanthropy. Nínú iṣẹ́ yìí, ìtọrẹ alábòójútó ni a ó máa pè é.

Èrò tí a fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé owó, òṣìṣẹ́ àti àbójútó kò tó láti mú kí ìrànlọ́wọ́ tọ́jọ́. Ìbéèrè ẹni tí yóò jogún iṣẹ́ ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀. Bí a kò bá dáhùn rẹ̀ nígbà tí ọrẹ ń wọlé, ìjà ni yóò dáhùn rẹ̀ nígbà tí olùtọrẹ bá lọ.

2. Ohun tí Ìtọrẹ Alábòójútó Jẹ́

Ọdún 1969 ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ọdún tí John D. Rockefeller Kẹta lo gbólóhùn yìí. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí Christine Letts, William Ryan àti Allen Grossman kọ àpilẹ̀kọ wọn sínú Harvard Business Review ní 1997 ni ọ̀rọ̀ náà tó gbilẹ̀. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan àwọn àjọ olùtọrẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni pé wọn a máa fi owó ṣe ètò fún ọdún kan tàbí méjì, láìbìkítà bóyá ẹgbẹ́ tí ó ń ṣe ètò náà ní agbára láti dá dúró. Wọ́n ní kí àwọn olùtọrẹ lọ kọ́ ọgbọ́n lọ́dọ̀ àwọn olówó tí ń fi owó wọn dá òwò tuntun sílẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kì í kó owó lélẹ̀ kí wọ́n máa lọ. Wọn a jókòó nínú ìgbìmọ̀ ilé iṣẹ́ náà, wọn a wá òṣìṣẹ́ tí ó mọṣẹ́ fún un, wọn a máa wo ìwé ìṣirò rẹ̀, wọn a sì dúró tì í fún ọdún mélòó kan kí wọ́n tó yọ ọwọ́.

Ní 2004 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn olùtọrẹ irú èyí sílẹ̀ ní Yúróòpù. Ti Áfíríkà tẹ̀ lé e ní 2018. Ní Nàìjíríà níbí, àjọ Tony Elumelu, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2010, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 2015 tí ó fi ń fún àwọn oníṣòwò tuntun ní 5,000 dọ́là ẹnì kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti àgbà tí yóò máa tọ́ wọn sọ́nà. Lóòótọ́, oníṣòwò ni ètò yìí ń ràn lọ́wọ́, kì í ṣe ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ fún àǹfààní ìlú, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni ó wà nídìí rẹ̀.

Bí a bá kó gbogbo àlàyé wọ̀nyí jọ, a ó rí i pé àmì mẹ́rin ni a fi ń dá ìtọrẹ alábòójútó mọ̀. Èkíní, owó a máa bá ènìyàn rìn: ẹni tí ó tọrẹ a fi ìmọ̀ àti òṣìṣẹ́ kún un. Èkejì, ó máa ń pẹ́: ọdún púpọ̀ ni a fi ń ṣe é. Ẹ̀kẹta, a máa ń wọn èso rẹ̀. Ẹ̀kẹrin, ó ní òpin: olùtọrẹ a máa gbèrò ọ̀nà tí yóò gbà kúrò. Àwọn òǹkọ̀wé sọ púpọ̀ lórí mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹ̀kẹrin yìí ni ìtàn Ìwó ní ohun púpọ̀ láti sọ lé lórí.

3. Ìrànlọ́wọ́ Láàrin Ara Ẹni

Kí a tó dé orí míṣọ́n, ó yẹ kí a rántí pé ilẹ̀ Yorùbá kò ṣófo kí àlejò tó dé. Ọ̀wẹ̀ wà, tí ọ̀rẹ́ àti àna fi ń bá ènìyàn kọ́lé tàbí roko. Àáró wà, tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń ṣiṣẹ́ lóko ara wọn ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé. Èésú náà wà. Samuel Johnson ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, William Bascom sì kọ àpilẹ̀kọ kan lé e lórí ní 1952.

Ohun tí ó pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ni pé kò sí ẹni tí ń tọrẹ láìgbà, kò sì sí ẹni tí ń gbà láìtọrẹ. Ẹni tí ó kó èésú lónìí ṣì jẹ àwọn yòókù ní gbèsè títí tí yóò fi yí kárí. Nítorí náà, ìbéèrè ẹni tí ó ni ín kì í dìde nínú èésú. Àwọn tí ó dá a ni ó ni ín. Àléébù rẹ̀ ni pé kò lè ju agbára àwọn tí ó dá a lọ. Àwọn àgbẹ̀ ogún kò lè fi èésú kọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́. Níbi tí agbára àjọdá bá pin sí ni a ti ń retí ọwọ́ mìíràn, ibẹ̀ náà sì ni ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀.

4. Ẹ̀kọ́ Kan láti Èkó, 1861 sí 1914

Kò sí bí a ṣe lè lóye ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìwó bí a kò bá kọ́kọ́ yà sí Èkó, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni ìjọ ti kọ́kọ́ di àríyànjiyàn láàrin àwọn Onítẹ̀bọmi.

Ní 1850 ni Thomas Jefferson Bowen, míṣọ́nnárì àkọ́kọ́ tí àwọn Onítẹ̀bọmi ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà rán sí ilẹ̀ yìí, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ó ṣiṣẹ́ ní Ìjàyè láti 1853, ó sì dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1861, owó tí ń ti ibẹ̀ wá gbẹ. Ogun Ìjàyè ń jà níhìn-ín lákòókò kan náà, ìlú Ìjàyè sì túká ní 1862. Kí ó tó di 1870, kò sí míṣọ́nnárì ará Amẹ́ríkà kan mọ́ lórí iṣẹ́ náà. Ní 1875 ni W. J. David àti W. W. Colley ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti tún un bẹ̀rẹ̀.

Ta ni ó gbé ẹrù láàrin àkókò yìí? Sarah Harden, opó míṣọ́nnárì Joseph Harden, wà lára wọn ní Èkó. James Churchwill Vaughan náà wà níbẹ̀, ọmọ South Carolina tí ó bá míṣọ́n wá gẹ́gẹ́ bí káfíńtà, tí ó sì wá di ọlọ́rọ̀ nídìí òwò irinṣẹ́. Àwọn wọ̀nyí àti ẹlẹgbẹ́ wọn ni ó mú iná ìjọ dúró láìsí owó ilẹ̀ òkèèrè.

Nígbà tí àbójútó tún dé, ó bá àwọn ènìyàn tí ó ti mọ̀ pé àwọn lè dá dúró. Ní 1888, David lé olùṣọ́-àgùntàn Moses Ládẹjọ Stone kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ owó oṣù àti òwò ṣíṣe. Àwọn ọmọ ìjọ béèrè ìdí, wọn kò rí ìdáhùn tí ó tẹ́ wọn lọ́rùn. Púpọ̀ nínú wọn dìde, wọ́n fi ilé ìjọsìn sílẹ̀ fún míṣọ́n, wọ́n sì dá Native Baptist Church sílẹ̀. Vaughan wà nínú wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni David Brown Vincent, ẹni tí ó padà wá ń jẹ́ Mọ́jọlà Àgbébí. Ní 1914 ni àwọn méjèèjì parí ìjà, tí wọ́n jọ dá àpapọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi Yorùbá sílẹ̀ ní Ìbàdàn, tí Àgbébí sì di ààrẹ àkọ́kọ́. Àpapọ̀ yìí ni ó dàgbà di Nigerian Baptist Convention.

Ohun méjì ni kí a dì mú nínú ìtàn yìí. Ọ̀kan ni pé ilé jẹ́ ti olùtọrẹ, ṣùgbọ́n ìjọ jẹ́ ti àwọn tí ó ru ú nígbà ọ̀dá. Èkejì ni pé ìjà náà kò dá lórí pé owó kéré. Ó dá lórí pé ẹni tí ń san owó rò pé òun kò jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé.

5. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìwó

Iṣẹ́ kíkọ́ àwọn olùṣọ́-àgùntàn àti olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ní ìparí àwọn ọdún 1930 ni wọ́n ya ẹ̀ka àwọn olùkọ́ sọ́tọ̀, tí wọ́n gbé e wá sí Ìwó, tí ilé ẹ̀kọ́ ìsìn sì dúró sí Ògbómọ̀ṣọ́. Orí òkè lẹ́yìn ìlú ni wọ́n tẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà dó sí, lórí ilẹ̀ tí ó gbòòrò tó nǹkan bí 1,300 éékà.

Ó yẹ kí a kíyè sí irú ìlú tí ó gbà wọ́n. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti fìdí múlẹ̀ ní Ìwó láti ayé Ọba Lámúyẹ, ọba Mùsùlùmí tí ó jẹ ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Nítorí náà, kọ́lẹ́ẹ̀jì Kristẹni ni a gbé kalẹ̀ sí àárín àwọn tí púpọ̀ nínú wọn kò sí nínú ìjọ tí ó ni ín. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìyàtọ̀ ti wà láàrin ẹni tí ń tọrẹ, ẹni tí ó ń gba ẹ̀kọ́, àti ìlú tí ó gbà wọ́n lálejò.

Bí a bá fi àmì mẹ́rin wa wọ̀n ọ́n, kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí yege nínú mẹ́ta. Owó àti ènìyàn jọ rìn: ìgbìmọ̀ míṣọ́n tí ó wà ní Richmond ní ìpínlẹ̀ Virginia ń san owó oṣù àwọn míṣọ́nnárì tí wọ́n ń kọ́ni níbẹ̀. Lára ibi tí owó náà ti ń wá ni ìdáwó Kérésìmesì tí àwọn obìnrin ìjọ náà ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ fún iṣẹ́ ní Ṣáínà ní 1888, ọdún kan náà tí ìjọ pín ní Èkó. Ó pẹ́: ó lé ní ọgbọ̀n ọdún kí ìjọba tó gba iléèwé. Ní ti èso, ìdánwò ìwé ẹ̀rí olùkọ́ àti àwọn alábẹ̀wò ìjọba ni ó ń wọ̀n ọ́n.

Lórí ọ̀rọ̀ wíwọn èso yìí, ẹ jẹ́ kí a sọ pé kì í ṣe ohun tuntun. Òfin ẹ̀kọ́ ti 1882 àti ti 1887 tí wọ́n lò ní Èkó so owó ìrànwọ́ ìjọba mọ́ bí àwọn ọmọ bá ti ṣe nínú ìdánwò. Irú òfin bẹ́ẹ̀ a máa fi owó kún owó fún iléèwé tí ó ti lágbára tẹ́lẹ̀, a sì máa jẹ́ kí olùkọ́ gbájú mọ́ ohun tí wọn yóò béèrè nìkan. Òfin ti 1916 ni ó dín agbára ìlànà yẹn kù, tí ó fi ìṣesí gbogbo iléèwé rọ́pò èsì ìdánwò nìkan. Ó yẹ kí àwọn tí ń wá òdiwọ̀n fún gbogbo ọrẹ lónìí ka ìtàn yẹn.

Ìgbà tí iṣẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà hàn jù lọ ni ìgbà ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ní oṣù Jánúárì 1955, ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ṣí ilẹ̀kùn iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo ọmọ. Iye ọmọ tí ó wà níléèwé fò láti bí 457,000 ní 1954 sí iye tí ó lé ní 811,000 ní 1955. Gbogbo ọmọ wọ̀nyí nílò olùkọ́, kò sì sí ibi tí a ti lè rí olùkọ́ tí ó kọ́ṣẹ́ bí kò ṣe nínú irú kọ́lẹ́ẹ̀jì bí ti Ìwó. Ìtọrẹ tí ó bẹ̀rẹ̀ fún ànfààní ìjọ kan ti wá di ọwọ̀n fún ètò gbogbo ẹkùn.

Ṣùgbọ́n àṣeyọrí yìí gan-an ni ó da ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni ín rú. Bí iṣẹ́ ṣe ń gbòòrò ni owó ìjọba ń pọ̀ sí i nínú rẹ̀. Kò pẹ́ tí ó fi jẹ́ pé ìjọba ni ó ń gbé èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú owó oṣù àwọn olùkọ́ ní àwọn iléèwé míṣọ́n. Orúkọ ìjọ ni ó wà lára pátákó, àpò ìlú ni ó wà nídìí rẹ̀.

6. Ìkúrò tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbèrò

Ìjọba ìpínlẹ̀ East Central gba iléèwé lọ́wọ́ àwọn míṣọ́n ní 1970 lẹ́yìn ogun. Ní àárín àwọn ọdún 1970, ó kan àwa náà ní ìwọ̀-oòrùn. Àwíjàre ìjọba rọrùn láti lóye: ẹni tí ń san owó oṣù ni ó yẹ kí ó pàṣẹ, ẹ̀kọ́ kò sì yẹ kí ó pín ọmọ ìlú sí ìjọ ìjọ. Ìdáhùn àwọn ìjọ náà rọrùn láti lóye: àwọn ni wọ́n gba ilẹ̀, àwọn ni wọ́n kọ́ ilé, àwọn ni wọ́n dá orúkọ sílẹ̀.

Ní ti kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́, ohun mìíràn tún dé. Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ ti 1977 fi í sọ́kàn pé ìwé ẹ̀rí NCE ni yóò jẹ́ èyí tí ó kéré jù lọ fún olùkọ́. Láti ìgbà náà ni àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì Grade Two ti bẹ̀rẹ̀ sí í kógbá sílé díẹ̀díẹ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè. Ilé ṣì wà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ kọ́ ọ ti ń tán lọ.

Ohun méjì ni ó ti inú èyí jáde, a sì rí méjèèjì ní Ìwó.

Èkíní ni Yunifásítì Bowen. Nígbà tí òfin 1993 gba àwọn aládàáni láyè láti dá yunifásítì sílẹ̀, Nigerian Baptist Convention gba àṣẹ tiwọn ní 2001, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní 2002 lórí ilẹ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì àtijọ́ náà. Ọdún 2009 ni ilé ìwòsàn Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí ó ti wà láti 1907, di ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀. Orúkọ míṣọ́nnárì Amẹ́ríkà ni wọ́n fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìjọ Nàìjíríà ni ó ni ín. Ìdáwó ìjọ àti owó tí àwọn òbí ń san ni òpó rẹ̀. Níhìn-ín, ẹni tí ó ni ẹrù ni ó ń gbé ibi tí ó wúwo. Ó ní iye tí a san fún un o. Ẹ̀kọ́ tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́ ní 1955 kò jọ ti yunifásítì aládàáni, tí owó rẹ̀ kọjá agbára ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ àti aláròóbọ̀ tí ń gbé ẹ̀bá ọgbà rẹ̀.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ híjáàbù. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Júùnù 2016, Ilé-ẹjọ́ Gíga ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun dájọ́ pé àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí lè lo híjáàbù ní àwọn iléèwé ìjọba. Nínú oṣù kan náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kristẹni kan wọ aṣọ akọrin ìjọ wá sí Baptist High School, Ìwó, gẹ́gẹ́ bí ìfẹ̀hónúhàn. Àwòrán wọn tàn ká gbogbo orílẹ̀-èdè, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì fi ṣe ẹ̀rín. Fún òpìtàn, kò sí ẹ̀rín níbẹ̀. Ẹni mẹ́ta ni ó ń sọ pé tòun ni iléèwé náà: ìjọ tí ó dá a sílẹ̀, ìjọba tí ń ná owó lé e, àti ìlú tí ọmọ rẹ̀ kún inú rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ẹ̀rí. Nígbà tí ìjọba ń gba iléèwé ní nǹkan bí ogójì ọdún ṣáájú, wọn kò jókòó yanjú ọ̀rọ̀ yìí láàrin àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí nígbà náà ni ó wá ru gbèsè rẹ̀.

7. Àwọn Àtakò

Ẹnì kan lè sọ pé kò tọ́ kí a fi míṣọ́n wé àwọn olùtọrẹ òde òní, nítorí pé ọkàn ènìyàn ni míṣọ́n ń wá, iléèwé kàn jẹ́ ọ̀nà ni. Òtítọ́ wà nínú èyí, ìdí rẹ̀ sì ni pé àwọn Mùsùlùmí dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó ní 1923, kí ọmọ wọn lè kàwé láìfi ẹ̀sìn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí olùtọrẹ tí kò ní ohun tí ó ń wá. Ẹni tí ó ń wá èso tí a lè fi nọ́ńbà wọ̀n náà ní ìgbàgbọ́ tirẹ̀ nípa bí ó ṣe yẹ kí ayé rí. Àǹfààní tí míṣọ́n ní ni pé ó sọ tirẹ̀ jáde ní gbangba.

Ẹlòmíràn lè sọ pé àwọn olùtọrẹ òde òní ti mọ ọ̀rọ̀ ìkúrò, pé wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n sábà máa ń béèrè ni bóyá ẹgbẹ́ náà yóò lè rí owó lẹ́yìn àwọn. Ìtàn Ìwó fi hàn pé ìbéèrè yẹn kò tó. Iléèwé Ìwó rí owó lẹ́yìn míṣọ́n. Owó ìjọba ni. Ohun tí kò rí ni àdéhùn lórí àṣẹ, láàrin gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, títí kan àwọn tí kò sí nínú ìjọ.

8. Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìtọrẹ alábòójútó kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ wa bí orúkọ rẹ̀ ti jẹ́ àjèjì. Ní Èkó, àwọn tí ó ti ru ẹrù nígbà ọ̀dá ni ó lè dá dúró ní 1888. Ní Ìwó, àbójútó dára, èso rẹ̀ sì pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ogún kò ní ìdáhùn, nítorí náà ó di ọ̀rọ̀ òfin ìjọba, lẹ́yìn náà ó di ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́.

Ohun tí a lè dábàá fún ẹni tí ó bá fẹ́ fi irú ọrẹ yìí ran ẹgbẹ́ kan lọ́wọ́ ní Ìwó tàbí níbòmíràn kò pọ̀. Kí ó jẹ́ kí àwọn tí ń gbà gbé díẹ̀ nínú ẹrù láti ọjọ́ kìíní, bí ó ti wù kí agbára wọn kéré tó, nítorí ohun tí ènìyàn bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ni ó lè pè ní tirẹ̀. Kí ó sì pe ìlú jókòó, títí kan àwọn tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn rẹ̀ tàbí ẹgbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n jọ sọ ẹni tí yóò pàṣẹ lọ́jọ́ tí òun bá lọ. Èyí yóò fa iṣẹ́ sẹ́yìn níbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ka ọdún tí ó wà láàrin ìgbà tí ìjọba gba iléèwé àti 2016, a ó rí i pé ìdádúró yẹn kéré púpọ̀ sí iye tí àìṣe é náni.